Oore Kékeré Ojoojúmọ́: Àwọn Àṣìṣe Tí Àwa Òbí Tọ́wọ́ Wa Dí Ń Ṣe ní Àbújá

Bí ẹ bá ń gbé Mararaba tàbí Nyanya, tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ ní Wuse, ẹ̀yin náà mọ bí aago márùn-ún ìdájí ṣe máa ń rí. Ọmọ kan ń sunkún pé òun kò rí ìbọ̀sẹ̀, èkejì kò tíì jẹun, ọkọ̀ sì ti ń tò lójú ọ̀nà Keffi. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ wá ohun rere ṣe fún aráyé lásìkò bẹ́ẹ̀, ẹ ó ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dé ibiṣẹ́ ná. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Kubwa ni mò ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ó sì pẹ́ tí mo ti gbà pé ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni èèyàn ń ṣoore. Ọwọ́ kò dilẹ̀. Ohun tí mo wá rí ni pé kò sí ọjọ́ tí a kì í ra nǹkan, tí a kì í da nǹkan nù, tí a kì í ránni níṣẹ́, tí a kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan. Inú nǹkan wọ̀nyẹn gan-an ni oore wa wà, inú rẹ̀ náà sì ni ìkà wa wà. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ nìyí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, èmi fúnra mi ti ṣe é.

Ẹ má fi oúnjẹ tó ti ń kan ṣe sàráà

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ìrẹsì tí a sè ní Sátidé ṣẹ́ kù nínú ìkòkò. Iná kò sí mọ́jú. Mo ṣí ìkòkò, mo gbóòórùn rẹ̀, mo mọ̀ pé mi ò lè fún àwọn ọmọ mi jẹ. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéú lẹ́nu géètì, àwọn ọmọ almajiri tó máa ń gbé róbà kiri. Mo ní kí ọmọbìnrin mi bu ìrẹsì náà fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, lóṣòó gbà á, ó ní, "Na gode, Hajiya." Nírọ̀lẹ́, mo jáde lọ ra búrẹ́dì, mo rí ìrẹsì náà nínú gọ́tà ní ìkòríta, adìyẹ ń ṣà á jẹ. Ohun tí mo gbóòórùn ni ọmọ náà gbóòórùn. Ẹ̀kọ́ ilé tó ní ni kò jẹ́ kó dà á nù níṣojú mi.

Ojú tì mí gidigidi, ṣùgbọ́n ti ọmọ mi ló dùn mí jù. Ó ti rí i pé ohun tí àwa kò lè jẹ ni à ń fi tọrẹ, èmi ìyá rẹ̀ ni mo sì kọ́ ọ.

Ewu tún wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní oúnjẹ sísè kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju wákàtí 2 lọ níta fíríìjì. Ti ìrẹsì tún le díẹ̀, torí kòkòrò kan wà lára rẹ̀ tí ìsè kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá pẹ́ nílẹ̀, kòkòrò yẹn á pọ̀ sí i, á sì tu oró síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àtúngbóná kì í mú oró náà kúrò. Nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe ní Àbújá, tí inú ilé ń gbóná bí ààrò, wákàtí 2 gan-an ti pọ̀ jù. Ohun tí à ń ṣe báyìí kò gba àkókò lọ́wọ́ wa: bí ìrẹsì bá ti jinná ní Sátidé, a máa kọ́kọ́ bu tàwọn ọmọ náà sínú kúlà kékeré kan kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jẹun, kí wọ́n lè rí i jẹ ní gbígbóná. Ife ìrẹsì méjì péré ló lé sí i.

Bákan náà ni aṣọ. Ní àwọn ibùdó tí àwọn tí Boko Haram lé kúrò ní Gwoza àti àwọn ìlú mìíràn ní Borno ń gbé ní Àbújá, kò sí ìyá tó ń wá ṣòkòtò tí síìpù rẹ̀ ti já fún ọmọ rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rán bọ́tìnnì tó já mọ́ ọn, ẹ lọ̀ ọ́. Bí kò bá ti ṣeé gbé fún ọmọ àbúrò yín, ẹ má gbé e lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì ya wọ́n ní fọ́tò. Ọmọ tí ebi ń pa kò lè sọ pé òun kò fẹ́.

Ẹ má fo ẹni tó wà nínú ilé yín

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí. Mo mọ àwọn ìdílé tó máa ń gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù lọ sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí lọ́jọ́ ìbí ọmọ wọn, nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá wọn se jọ̀lọ́ọ̀fù náà, ọmọ ọdún 12, wà nílé tó ń fọ ìkòkò, tí kò sì síléèwé kankan tó ń lọ. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti mọ́ wọn lójú ni.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé, ó sì ka fífi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn òde ìdílé rẹ̀ léèwọ̀. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti 2004 náà sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ lọ síléèwé lọ́fẹ̀ẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín láti Ìlọrin tàbí Ọ̀fà ló wà lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ máa rí sí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ mú un lọ sí LEA, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ní àdúgbò yín. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì kan náà tí àwọn ọmọ yín ti ń ṣe tiwọn, kó sì lọ sùn nígbà tí wọ́n bá lọ sùn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ilé á pọ̀ sí i fún yín. Á pọ̀ lóòótọ́. Kí bàbá ilé náà fọ balùwẹ̀, kí ọmọ ọdún 10 fọ abọ́ tó fi jẹun.

Lẹ́yìn ọmọ ọ̀dọ̀, mẹ́gáàdì ló kàn. Ó ti ń ṣí géètì fún yín láti ọdún mẹ́ta, Aboki lẹ ṣì ń pè é. Ọ̀rẹ́ ni aboki lédè Haúsá, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń fi pe èèyàn kò jọ bí ọ̀rẹ́ ṣe ń pe ọ̀rẹ́. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín kí wọ́n máa kí i: "Ina kwana" láàárọ̀, "Sannu da aiki" bí wọ́n bá bá a lẹ́nu iṣẹ́. Àwa Yorùbá la máa ń sọ pé ọmọ tí kò kí àgbà kò lẹ́kọ̀ọ́. Mẹ́gáàdì tó ti ní ọmọ-ọmọ, àgbà ni òun náà. Ẹ sì san owó rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dá, torí àwọn kan wà ní Katsina tàbí Jigawa tí wọ́n ń retí owó yẹn kí wọ́n tó lọ sọ́jà.

Ọ̀rọ̀ ọjà náà wà níbẹ̀. Ọjà nínà kò burú, ìyá tó bí mi mọ ọjà ná dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin Gbagyi tó gbé iṣu wá láti oko lórí èjìká, bí wọ́n ṣe máa ń gbé ẹrù, ẹni tí àwọn baba rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ kí Àbújá tó di olú-ìlú ní 1991. A ó bá a fa ₦200 títí, a ó wá wọ súpámákẹ́ẹ̀tì, a ó san iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bísíkíìtì láìjanpata. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ń wò wá. Mẹrúwà tó ń gbé omi tà náà ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún tẹ̀wọ̀n kílò 25. Bó bá jẹ́ àjà kẹta lẹ wà, ẹ fi nǹkan lé owó rẹ̀ kó tó bẹ̀ yín.

Ẹ má tú èéfín yín sílé aládùúgbò

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí kò láwọ̀, tí kò sì ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán, sí fèrèsé tiyín àti tàwọn aládùúgbò. Bí àyè ilé yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má tàn án níbẹ̀ rárá. Ẹ má sun pàǹtí, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí mímí ti nira fún àwọn ọmọ kan tẹ́lẹ̀. Ẹ ya ike àti agolo sọ́tọ̀ kúrò lára páńpá ọmọ, kí baban bola tó ń ti ọmọlanke kiri láti ṣa pàǹtí má baà fi ọwọ́ tú ìgbẹ́. Ẹ má sì ju ọ̀rá píọ́ wọ́tà sí gọ́tà. Bí gọ́tà bá dí, tí òjò oṣù Ògún sì dé, omi á ya wọlé; àwọn ará Lugbe mọ ohun tí mò ń wí.

Bí àwọn tó ń fún ọmọ ní àjẹsára rọpárọsẹ̀ bá kan géètì, ẹ má lé wọn pé ọmọ yín ti gbà á nílé ìwòsàn. Ní 2020 ni wọ́n kéde pé ojúlówó kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn ṣì ń jà ní àríwá Nàìjíríà lẹ́yìn ìgbà náà. Ọmọ mẹ́gáàdì tó wà ní BQ, ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé yín, lè máà tíì gba nǹkan kan.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà

Lóṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún kan, mo kọ ohun mọ́kànlá sára ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Kí Èrèlé tó parí, mo ti fi mẹ́wàá sílẹ̀, mo sì ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ nítorí ẹyọ kan tó kù. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: kí bíbu ìrẹsì tẹ̀ lé sísè rẹ̀, kí kíkí mẹ́gáàdì tẹ̀ lé jíjáde láàárọ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ kò bá yá, tàbí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya bá mú yín di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ sùn.

Kí ẹ sì fi lé ọmọ lọ́wọ́ pátápátá. Nílé wa, ọmọbìnrin tí mo rán lọ sẹ́nu géètì lọ́jọ́ yẹn ni kúlà kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń bu oúnjẹ sí i. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án; ó ní ẹran tí mo máa ń bù sí i kéré jù.