Bí A Ṣe Ń Ka Àmì Inú Pósítà Òṣèlú

Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé bo gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára pósítà náà, torí ọ̀rọ̀ a máa darí ojú. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ló dára jù, ó nípọn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, ẹ má lo bíírò. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀: àwọ̀, ọwọ́, ohun tó tóbi jù, ibi tí ẹni inú rẹ̀ kọjú sí. Èyí ò le.

Ìtumọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á rí àmì, wọ́n á sì sọ èyí tó kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu. Ẹ wo ìgbálẹ̀ APC. Wọ́n á ní ìwà ìbàjẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbá dànù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ tún un wò: ẹyọ tín-ín-rín púpọ̀ tí wọ́n dì pọ̀ ni. Ní oṣù kejì ọdún 2013, ẹgbẹ́ òṣèlú ACN, CPC, ANPP àti apá kan APGA kéde pé àwọn ti di ẹgbẹ́ kan, ìyẹn APC.

Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ béèrè ilé tí àmì náà ti wá, ìbéèrè yìí kì í ṣe èyí tí a ń fò. ACN ló ti ń lo ìgbálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Olùdìbò ACN l'Ékòó tàbí l'Ọ́ṣun kò ní àmì tuntun láti kọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bébà ìdìbò wa kì í gbé orúkọ olùdíje. Àmì ẹgbẹ́ àti ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ló ń gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú òní túmọ̀ àmì àná. Ẹni tó bá rí ògùṣọ̀ UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ti ọdún 1979 lónìí lè rò pé iná mànàmáná ni wọ́n ń ṣèlérí. Àwọn tó dìbò nígbà náà ní Ìwọ̀ Oòrùn rántí oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ọmọ wọn tó mọ̀wé ni ìmọ́lẹ̀ náà. Àgbàlagbà kan tó dìbò lọ́dún náà yóò là yín lọ́yẹ̀ ju wákàtí mélòó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Ẹ wá pósítà alátakò ọdún kan náà, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé àti àgbàdo ni NPN, ẹgbẹ́ tó ń bá UPN du ìbò, gbé jáde: òrùlé àti oúnjẹ. Ẹ wá ṣí ọ̀rọ̀ tí ẹ bò. Bí ó bá tako ohun tí ẹ ti kọ, ẹ má pa tiyín rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀.