Mọ́tò tó kú sínú omi òjò: ẹ má tíì kíìkì ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ṣe pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀. Tí mọ́tò bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ nínú omi, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ yẹn mọ́. Ẹ fi gíà sí niútírà, ẹ pa iná ẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbi tó wà kí sítíárìn má baà há, kí ẹ wá èèyàn méjì mẹ́ta tó máa bá yín tì í síbi tó gbẹ. Tí omi bá ṣì ń gòkè, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ kí ẹ bọ́ọ́lẹ̀ kíá, torí omi tí ò ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ lè gbé mọ́tò kékeré léfòó, tó bá tó 60, ó lè gbé jíìpù gan-an lọ.

Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti dúró nínú òjò kéèyàn má gbìyànjú ẹ̀ wò. Níbí, Ìjẹ̀bú-Òde o, Ṣàgámù o, òjò oṣù Kẹfà àti oṣù Keje kì í pẹ́ rọ̀ kí gọ́tà tó kún bo títì, ẹ ò ní mọ ibi tí kòtò wà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọ irú omi bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè, mọ́tò kú, àwọn tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń pariwo pé kó kíìkì ẹ̀, kó kíìkì ẹ̀, òun náà kíìkì ẹ̀, ó dún gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ló padà lọ rà. Ó ṣì ń dùn mí dòní torí omi ọ̀hún ò bá má ba nǹkan kan jẹ́ ká ní ó ní sùúrù títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Pístìn máa ń gòkè láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ sì ṣeé fún pọ̀. Omi ò ṣeé fún pọ̀. Tí omi bá ti wà lókè pístìn tí ẹ wá kíìkì ẹ̀, pístìn á lọ kọ lu omi, ibi tó rọ̀ jù níbẹ̀ lá tẹ̀, ìyẹn kọ́nrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so pístìn mọ́ kíránkì nísàlẹ̀. Tó bá ti tẹ̀ báyìí, títú ẹ́ńjìnnì ló kù.

Àìsàn méjì ló wà ńbẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n sì ní. Àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì mu omi. Èkejì, omi kàn ta sára iná ẹ̀ ni, púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, wáyà, sẹ́ńsọ̀. Bó ṣe kú lẹ́ ó fi mọ̀. Tó bá kú lójijì nígbà tí omi ti bo bọ́ńpà tí ẹ ṣì ń tẹná, ẹ gbà pé ó ti mu omi títí tí ẹ ó fi rí i pé kò mu. Tó bá ń kọ́, tó ń já, tó ń wúkọ́, tó ti kúrò nínú omi kó tó wá kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná ẹ̀ tàbí fílítà ni.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ dúdú kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan míì. Ẹ fọwọ́ tẹ bébà ẹ̀ wò. Tí omi bá ti mu ún, ẹ máa rí i pé ó wú, ó rọ̀, bíi gààrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti da omi sí tipẹ́, afẹ́fẹ́ kankan ò lè gba inú ẹ̀ kọjá mọ́, ìyẹn nìkan sì tó láti pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ìdí ilé fílítà náà àti inú rọ́bà tó lọ síbi throttle, ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Tí gbogbo ẹ̀ bá gbẹ, ẹ dúpẹ́, iná ẹ̀ la máa lọ wò. Tí omi bá wà nínú rọ́bà yẹn, púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ jáde.

Ibi púlọ́ọ̀gì yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe àṣìṣe, kódà àwọn mẹkáníìkì kan. Ihò tí púlọ́ọ̀gì wà máa ń gba omi dúró bí ife. Tí ẹ bá yọ kọ́ìlì tí ẹ sì tú púlọ́ọ̀gì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi inú ihò yẹn á ṣàn wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ ó wá fọwọ́ ara yín dá ohun tí ẹ ń sá fún sílẹ̀. Ẹ yọ kọ́ìlì, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ omi ibẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ fọkanáísà dára fún un, mo ti pe fọkanáísà kan lápá Òkè-Ajé wá ṣe é rí, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Tí kò bá sí fọkanáísà nítòsí, ẹ fi aṣọ wé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ fi fa omi náà.

Nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá ti jáde tán, ẹ yọ fíúsì tàbí rílè tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù epo, kí ẹ sì já wáyà kúrò lára gbogbo kọ́ìlì, kí iná má baà ṣẹ́ lórí epo. Ẹ dá orí bátìrì padà. Kí gbogbo èèyàn kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, torí omi yẹn máa fò jáde dáadáa ni. Ìgbà yìí gan-an lẹ wá lè kíìkì ẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ sinmi, 5 mìíràn, títí omi ò fi ní jáde mọ́. Ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi ṣíbí kékeré kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ tún kíìkì ẹ̀ díẹ̀ kó lè káàkiri, kó má dípata.

Ẹ fa géèjì ọ́ìlì wò kí ẹ tó dá púlọ́ọ̀gì padà. Ọ́ìlì tó dára á hàn bí ọ́ìlì, tó bá ti wá rí bíi tíì oní mílíìkì, omi ti wọ ọ́, ẹ gbọ́dọ̀ dà á nù pẹ̀lú fílítà ẹ̀ kí mọ́tò tó jí. Lẹ́yìn tí ẹ bá wà á ní ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí èyí tó kù lábẹ́ kì í tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́ìlì gíà náà, ẹ wò ó, òun ni wọ́n máa ń gbàgbé, tó bá yá gíà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Tó bá jẹ́ iná ẹ̀ ni, gbígbẹ ni oògùn ẹ̀. Ẹ já àwọn orí wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fẹ́ wọn, ẹ wo inú àpótí fíúsì. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní airflow, tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, tó wà lẹ́nu rọ́bà fílítà, ẹ má faṣọ nù ún rárá, okùn inú ẹ̀ tín-ín-rín, ẹ yọ ọ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀. Tí oòrùn bá ti jáde, ẹ fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ṣíṣí bíi wákàtí méjì. Kí ẹnikẹ́ni má da omi gbígbóná sí nǹkan kan.

Àwọn kan máa jí dáadáa láàárọ̀, ẹ ó gbé e kúrò nílé, ó dé ibì kan lọ́nà ó tún kú, ẹ dúró díẹ̀ ó tún jí. Ìyẹn máa ń dààmú èèyàn. Omi ló há sínú rọ́bà kọ́ìlì tàbí wáyà púlọ́ọ̀gì tó ti sán. Ẹ dúró dalẹ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú òkùnkùn tí mọ́tò ń ṣiṣẹ́, ẹ wò ó láìfọwọ́ kan nǹkan kan, tí ẹ bá rí iná búlúù kékeré tó ń fò lára wáyà, ibẹ̀ ni. Tí ẹ bá rí ẹni tó ní sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà àṣìṣe inú mọ́tò, P0300 ń sọ pé púlọ́ọ̀gì ń já káàkiri, P0301 ń sọ pé ti àkọ́kọ́ ni, P0302 ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, ẹ lè gbé kọ́ìlì ìdí kan sí ìdí mìíràn kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà náà tẹ̀lé e.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà sọ fún mi pé tiwọn kò nílò kí wọ́n wọ omi. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ yìnyín tó rí bí ẹ̀tù gba ẹnu gírílì wọlé, ẹ́ńjìnnì á gbóná, yìnyín á yọ́, á kán sí kọ́ìlì, mọ́tò á kú lójú títì. Nígbà mìíràn fílítà ló máa dì gan-an, wọ́n á gbé e wọ inú ilé kó yọ́ kó sì gbẹ. Iṣẹ́ kan náà ni, gbígbẹ ṣáá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé mọ́tò sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ máa kó ewé kúrò lábẹ́ wáípà. Ihò tí omi ń gbà jáde wà ńbẹ̀, tí ewé bá dí i, omi á gba ibòmíràn, ó lè wọ inú mọ́tò lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì, àwọn mọ́tò kan sì wà tó jẹ́ pé brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ká wọ́ọ̀ṣì náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi omi alágbára fọ orí ẹ́ńjìnnì yín, mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì tí mọ́tò tó wọ ibẹ̀ dáadáa kò jáde fúnra ẹ̀.

Nígbà tó bá wá jí, ẹ rọra tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin lórí ìrìn díẹ̀ kó gbẹ kí ẹ tó kó sí márosẹ̀. Bíi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn ẹ̀, tí taya bá ń hó wùù tí ariwo ẹ̀ ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, bíárìn ni omi ti wọ̀, ẹ gbé e lọ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kó tó fọ́ sọ́nà.