Bí mo ṣe fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì to oògùn họ́mọ́nù mi

£79.20 ni mo ti san lórí oògùn họ́mọ́nù tí wọ́n fún mi torí ìgbà tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró (menopause), láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin 2025 kí ẹnì kan tó là mí lójú pé £19.80 péré ló yẹ kí n san fún odidi ọdún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú nípa ìyẹn ná, kí n tó dé orí èyí tó dùn mí jù.

London ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 48 ni mí, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Ní England níbí, £9.90 ni wọ́n ń gbà lórí oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà bá kọ. Họ́mọ́nù obìnrin méjì ni tèmi: àlẹ̀mọ́ estrogen tí mò ń lẹ̀ mọ́ bàdí, àti hóró progesterone tí mò ń gbé mì. Láti oṣù kẹrin 2023 ni ìwé àsansílẹ̀ kan ti wà fún oògùn họ́mọ́nù. Owó oògùn méjì péré ni, ó sì ń gbéni la ọdún já. Ẹni tó ń ta oògùn fún mi rí ojú mi lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gbowó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹrin, kò la ẹnu. Ọjọ́ tí àlẹ̀mọ́ tán lọ́wọ́ wọn ni mo yà sí kẹ́míìsì míì, tí ọmọ Yorùbá kan níbẹ̀ fi bi mí pé, "Àǹtí, ẹ ò tíì ra ìwé àsansílẹ̀ ni?" Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún àbúrò mi tó wà ní Cardiff, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ní Wales, wọn kì í gbowó oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe rí dókítà kò ní ìtàn. Ooru ń mú mi lóru, òógùn ń rin aṣọ ibùsùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ àwọn tí mò ń wẹ̀ fún láràárọ̀. Mo ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní ẹni tó ti lé ní 45 tó ní irú àmì báyìí kò nílò rẹ̀. Màámi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ làwọn sùn sí nígbà tiwọn, pé ooru náà á lọ tó bá yá. Èmi ò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gba oògùn.

Gbólóhùn kan tí wọ́n tẹ̀ sára páálí progesterone ló fa gbogbo wàhálà: hóró méjì lálẹ́, láti ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 26. Ọjọ́ 15 láti ìgbà wo? Láti ọjọ́ tí mo bá rí nǹkan oṣù. Ìyẹn dára fún ẹni tí nǹkan oṣù ẹ̀ mọ àkókò. Àìmọ àkókò tèmi gan-an ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà!

Mo rí nǹkan oṣù lọ́jọ́ 6 oṣù kìíní, mo sì lẹ àlẹ̀mọ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Mo kà á, ọjọ́ 15 bọ́ sí ogúnjọ́ oṣù. Mo bẹ̀rẹ̀ progesterone. Nígbà tó di ọjọ́ 25, tó ku òru méje kí n parí, ẹ̀jẹ̀ dé. Ṣé kí n dúró ni àbí kí n máa bá a lọ? Ṣé òní ti di ọjọ́ kìíní nìyẹn? Mo dá a dúró, mo tún ìkà bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí ọjọ́ 8 sí 19 oṣù kejì. Mo lo òru méjìlá pé pérépéré, orí mi ń wú, mo wá ń retí ẹ̀jẹ̀ kí n lè mọ ibi tí màá ti ka òmíràn.

Ẹ̀jẹ̀ ò dé. Oṣù kejì parí. Oṣù kẹta wọlé, ó jáde. Mo ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò, torí oògùn yìí kì í dí oyún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Bàbá àwọn ọmọ mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn báàfù, wọ́n ń gbàdúrà sókè. Kò sí oyún. Mo ń lẹ àlẹ̀mọ́ lọ ní tèmi, lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, mo ń dúró de ẹ̀jẹ̀ kó wá sọ ìgbà tí progesterone kàn fún mi.

Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Estrogen máa ń mú kí awọ inú ilé ọmọ nípọn, bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹní lé ẹní. Progesterone ló ń dá a lẹ́kun. Ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tó wá ń lo ti àkọ́kọ́ nìkan fún ìgbà pípẹ́, jẹjẹrẹ lè ti ibẹ̀ wọlé. Òru 53 ni mo fi lo estrogen nìkan. Mo padà kà á lẹ́yìn tí mo mọ̀.

Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin, ẹ̀jẹ̀ tú bí omi ẹ̀rọ nínú bọ́ọ̀sì, mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi, mo so ó mọ́dìí. Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́jọ àárọ̀ lù bá mi lórí fóònù, mo ń pe ilé ìwòsàn dókítà mi. Ẹ̀rọ ní ẹni 19 ni mí lórí ìlà. Nígbà tó fi máa kàn mí, àyè ti tán, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kọ gbogbo ẹ̀, tọjọ́tọjọ́. Ó di ọjọ́ mẹ́ta kí àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó wọlé: "Ẹ máa lo oògùn yín bí a ṣe kọ ọ́." Bí a ṣe kọ ọ́! Ṣebí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ló sọ mí di aláṣọ-mọ́dìí nínú bọ́ọ̀sì. Mo pè lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́ẹ̀kejì, mo sọ fún obìnrin tó gbé fóònù pé mi ò ní sọ ọ́ sílẹ̀ àfi tó bá dárúkọ ẹni tó máa pè mí.

Nọ́ọ̀sì kan pè lọ́jọ́ 14. Ó ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Kí n bẹ̀rẹ̀ progesterone lálẹ́ ọjọ́ náà, òru 14, kí n sì máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù gbogbo. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dé láàárín, kí n má dá a dúró. Tí kò bá dé, kí n má dúró dè é. Mo ní kó tún un sọ. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, mo sì ti fi oṣù mẹ́ta ṣe ìṣirò. Òun náà ló fi mí ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò ilé ọmọ. Awọ inú rẹ̀ nípọn tó 6 mm. Wọ́n ní fún ẹni tó ń lo progesterone fún ọjọ́ mélòó kan péré lóṣù bíi tèmi, títí dé 7 kò báni lẹ́rù.

Nǹkan kékeré mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi: "alẹ́" ni ìgbà tí mo bá fẹ́ sùn. Bí mo bá ti iṣẹ́ òru dé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni alẹ́ tèmi. Inú òfìfo ni kí ẹ fi lò ó o. Mo lò ó lẹ́yìn àmàlà lọ́jọ́ kan, oúnjẹ máa ń jẹ́ kó wọ ara ju bó ṣe yẹ lọ, mo sùn lórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Àdí àgbọn ló sì ń ká gọ́ọ̀mù tí àlẹ̀mọ́ máa ń fi sílẹ̀.

Bí mo bá tún padà síwájú dókítà yẹn, ìbéèrè kan ni màá bi í kí n tó dìde: bí nǹkan oṣù ò bá wá dé ńkọ́?

Ẹ̀jẹ̀ dé lọ́jọ́ 25 oṣù karùn-ún, ó dé lọ́jọ́ 29 oṣù kẹfà. Oṣù keje, kò dé, mi ò sì wojú ẹ̀. Kàlẹ́ńdà ìjọ wa ni mo gbé kọ́ ilé ìdáná, pásítọ̀ àti ìyàwó wọn ń rẹ́rìn-ín lókè, mo fi bírò pupa yí ọjọ́ 14 sí 27 ká nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan tó wá kí mi tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá lẹ̀ ń gbà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n ránṣẹ́ pe òun tí ọjọ́ 14 bá pé, kí a jọ gbà á.