Bí mo ṣe gbé pósítà mi lọ sí àpérò ojú ọjọ́, ìlú àti oko àjàrà ní Dijon

Àwọn mélòó kan ti bi mí báwo ni mo ṣe rìn ín tí mo fi dé ilẹ̀ Faransé, tí mo lọ ṣàlàyé iṣẹ́ mi láàárín àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí ìyípadà ojú ọjọ́, ìlú ńlá àti oko àjàrà, torí náà mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní London, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mò ń lò, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tẹ́ ẹ bá dé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ físà.

Orí abstract, ìyẹn àkópọ̀ iṣẹ́ téèyàn máa ń fi ránṣẹ́ sáwọn tó pe àpérò, ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ká kọ ọ́ ní ṣókí, ká sì mú ìsọ̀rí kan ṣoṣo, yálà ìlú tàbí oko. Èmi ò rí bí mo ṣe máa mú ọ̀kan kí n fi ìkejì sílẹ̀ o, torí ní Bourgogne, agbègbè tí Dijon wà, ìlú ló máa ń kéde ọjọ́ tí wọ́n máa ká àjàrà láyé àtijọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ká tiẹ̀ kí ìkéde tó jáde, wọ́n á sì kọ ọjọ́ yẹn sínú ìwé ìlú. Torí pé ooru ló ń mú àjàrà tètè pọ́n, ìwé wọ̀nyẹn la fi ń mọ bí ooru ṣe rí nígbà tí kò tíì sí tẹmómítà láyé. Ohun tí mo kọ nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ ìlú àti ọ̀rọ̀ oko, ọ̀kan náà ni, mo wá fi sí ìsọ̀rí ìlú. Wọ́n gbà á, wọ́n ní kí n ṣe pósítà, ìyẹn ìwé fẹ̀ǹfẹ̀ tí wọ́n á gbé kọ́ káwọn èèyàn lè wá wo iṣẹ́ mi.

Ìlú Beaune ni mo mú. Ó wà ní gúúsù Dijon, tíréènì á gbé ẹ débẹ̀ ní bí ogún ìṣẹ́jú. Àwọn onímọ̀ ìtàn àtàwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ṣa ọjọ́ tí wọ́n ń ká àjàrà níbẹ̀ jọ láti 1354 títí dé 2018, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2019, ọ̀fẹ́ sì ni dátà ẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti rí i: ìwé owó ìjọ Notre-Dame ní Beaune, níbi tí wọ́n ti ń kọ iye tí wọ́n san fáwọn alágbàṣe tó wá ká àjàrà, àti ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú. Akọ̀wé tó ń ṣírò owó alágbàṣe ló bá wa tọ́jú ìtàn ojú ọjọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn èèyàn yẹn dọ́ba.

Kálẹ́ńdà ló gbà mí lásìkò jù. Oṣù December 1582 ni ilẹ̀ Faransé yí kálẹ́ńdà padà, wọ́n sùn ní ọjọ́ 9, ilẹ̀ mọ́, ó di ọjọ́ 20. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n kọ ṣáájú ìgbà yẹn, ti kálẹ́ńdà àtijọ́ ni, téèyàn ò bá sún un síwájú á dà bíi pé àjàrà ayé ìgbà yẹn tètè pọ́n ju bó ṣe pọ́n gan-an lọ. Iye téèyàn máa sún un náà ò dọ́gba: ọjọ́ 8 ni fún sẹ́ńtúrì 14, ọjọ́ 9 fún sẹ́ńtúrì 15, ọjọ́ 10 fún èyí tó tẹ̀ lé e. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ka àlàyé tó bá dátà wá dáadáa, torí ẹni tó ṣa á jọ lè ti bá yín sún un, tẹ́ ẹ bá tún sún un lẹ́ẹ̀kejì ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo sọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan di iye ọjọ́ láti 1 January, kí kọ̀ǹpútà lè yà á sórí gíráàfù.

Ẹ wá wo gíráàfù ọ̀hún. Láti 1354 títí di 1987, ó kàn ń lọ sókè ó ń lọ sódò ni, ọdún tó tutù wà níbẹ̀, ọdún tó gbóná náà wà níbẹ̀. 1540 yọ sójú gedegbe, ọdún tí ooru àti ọ̀dá da Yúróòpù láàmú. Ṣùgbọ́n láti 1988 ni ìlà yẹn ti já wálẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, ọjọ́ 13 ni wọ́n fi ń tètè ká àjàrà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní 2003, August ni wọ́n ti wọ oko. Ooru ọdún 2003 yẹn kan náà ló pa nǹkan bí èèyàn 15,000 ní ilẹ̀ Faransé, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ ló sì wà nínú ìlú ńlá níbi tí òkúta ilé àti ọ̀dà títì ń gba oòrùn lọ́sàn-án tó ń tú u jáde lóru. Ooru tó ń mú àjàrà pọ́n ṣáájú àsìkò lòun náà ló ń pa ìyá àgbà nínú yàrá. Mo kọ èyí sórí pósítà gàdàgbà, lábẹ́ gíráàfù.

Mo fi dátà Dijon kún un, torí láti 2014 làwọn ara yunifásítì ibẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sórí àwọn òpó iná ìgboro káàkiri, wọ́n ń wò ó bí àárín ìlú ṣe gbóná ju ẹ̀yìn odi lọ.

Ní ti pósítà fúnra ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ. Bébà gba pé kéèyàn máa gbé páìpù gígùn kiri inú tíréènì, aṣọ ṣeé ká sínú báàgì. Gíráàfù ńlá kan, ọ̀rọ̀ díẹ̀, lẹ́tà tó tóbi, ó tán.

Físà ńkọ́? Schengen ni, físà kan ṣoṣo tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn àjò, ẹ má jẹ́ kó dín ní ọjọ́ 15 sí ìrìn àjò kẹ́ ẹ tó fi ìwé sílẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà ìpè lọ́wọ́ àwọn tó pe àpérò, kí orúkọ yín tó wà níbẹ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu rẹ́gí. Inṣúránsì ìlera tó kéré tán á gbé 30,000 Yúrò, ìwé báǹkì, ibi tẹ́ ẹ máa sùn, tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà láti ilé ìwé. Ìwé ìgbélùú yín ní Britain gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò ní Yúróòpù. Wọ́n fún mi.

Láti St Pancras ní London mo wọ tíréènì Eurostar dé Gare du Nord ní Paris, mo bọ́ sí Gare de Lyon, ibùdókọ̀ míì níbẹ̀, mo wọ TGV, tíréènì ayára, lọ sí Dijon.

Ọjọ́ pósítà, wọ́n kàn ní kóníkálukú dúró síwájú tiẹ̀ ni. Màmá kan tó ń gbin àjàrà dúró tì mí, ó wo gíráàfù títí, ó ní, ‘Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe àwa àgbẹ̀ la yí ọkàn padà, tá a wá ń fẹ́ tètè ká a?’ Ìbéèrè gidi ni. Mo ní, ‘Ẹ ṣé mà, òótọ́ lẹ sọ, ogun, àjàkálẹ̀ àrùn àti bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ kí wáìnì wọn rí máa ń ti ọjọ́ síwá sẹ́yìn.’ Mo wá fi ìlà kejì hàn wọ́n, ti ìgbóná ojú ọjọ́ Paris, tí wọ́n ti ń wọ̀n láti sẹ́ńtúrì 17. Ìlà méjèèjì jọ ń rìn ni: tí April dé July bá gbóná, ìká á yá. Ọkàn àgbẹ̀ kan ò lè máa bá tẹmómítà Paris rìn bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Màmá mi orí, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì, táráàmù T2, ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn ní ìgboro, la wọ̀ títí dé Chenôve, ìlú kékeré tó lẹ̀ mọ́ Dijon, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí o, táráàmù inú ìlú! Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ gun òkè díẹ̀, ẹ ti wà láàárín àjàrà. Ilé àwọn èèyàn ti gba apá kan ilẹ̀ yẹn, èyí tó kù wà lára oko wáìnì Marsannay, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Òdòdó ló wà lórí igi lásìkò yẹn, ó kéré gan-an, kò ní ewé òdòdó kankan tí wàá rí, fìlà kékeré aláwọ̀ ewé kan ló máa ń já bọ́ lórí ẹ̀. Màmá gbọn òṣùṣù òdòdó kan sí mi lọ́wọ́, àwọn fìlà yẹn kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Wọ́n ní láti òdòdó dé ìká, 100 ọjọ́ làwọn àgbà ibẹ̀ fi ń kà á, torí náà tí òdòdó bá ti yọ ní May, August ni wọ́n máa wọ oko.

Otútù April ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Ìgbà òtútù ò tutù tó mọ́, igi á rò pé àsìkò ti tó, á tètè rúwé, otútù á wá padà dé lóru ọjọ́ kan, á jó ọ̀mùnú ewé pa. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní April 2021 nìyẹn, Chardonnay, àjàrà wáìnì funfun, ló sì jìyà jù torí òun ló máa ń kọ́kọ́ rúwé ṣáájú Pinot Noir, àjàrà wáìnì pupa. Wọ́n fi agolo tó kù nínú àbẹ́là ọdún yẹn hàn mí, ó tóbi tó bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ẹ̀ ni wọ́n ń tàn lórí hẹ́kítà kan ṣoṣo ní òru kan kí otútù má bàa pa ewé. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á gbin irú àjàrà mìíràn, bí Bordeaux, agbègbè wáìnì míì ní ilẹ̀ Faransé, ṣe gba oríṣi tuntun 6 wọlé ní 2021. Wọ́n ní rárá, Pinot Noir ni òfin ibẹ̀ mọ̀ fún wáìnì pupa wọn, àwọn á kọ́kọ́ gbìyànjú ìdí igi tí wọ́n ń lẹ àjàrà mọ́, èyí tó ń fara da ọ̀dá, àti fífi ewé ṣíji bo èso.

Báyìí àwọn tó pe àpérò ti ní ká kọ iṣẹ́ náà ní kíkún. Mo fẹ́ fi Vienna, olú ìlú Austria, kún un, torí àjàrà wà nínú ìlú yẹn lórí hẹ́kítà tó lé ní 500, òfin sì ń dáàbò bò ó, mo fẹ́ mọ̀ bóyá oko yẹn ń mú kí àwọn àdúgbò tó yí i ká tutù lóru. Kóòdù tí mo fi sún ọjọ́ kálẹ́ńdà àtijọ́ síwájú wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá nílò ẹ̀ kó sọ, màá fún un.