Bí a ṣe ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹyọ àti ọ̀pọ̀ nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì

Ìwé kan, ìwé mẹ́wàá, àwọn ìwé: nínú èdè Yorùbá, "ìwé" kò yí padà rárá. Ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ ló ń sọ iye fún wa. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí "ten" tilẹ̀ ti sọ ọ́ tán pé nǹkan náà ju ẹyọ kan lọ, "book" ṣì gbọ́dọ̀ di "books". Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ òfin yìí dáadáa ló ń gbàgbé "s" yẹn tí wọ́n bá ń yára kọ̀wé, torí etí wọn kò retí rẹ̀.

1. Ẹ wò ó bóyá nǹkan náà ṣeé kà

Information, advice, furniture, equipment àti luggage kò ṣeé kà lójú àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, kódà kó jẹ́ pé àga márùn-ún ni ẹ fojú ara yín rí. Nítorí náà, kò sí "an advice", kò sì sí "furnitures". Tí ẹ bá fẹ́ kà wọ́n, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn tì wọ́n: "a piece of advice", "two pieces of furniture". Scissors àti trousers ń ṣe òdìkejì: "are" ni wọ́n ń bá rìn, ì báà jẹ́ ṣòkòtò kan ṣoṣo. News ní tirẹ̀ ní "s" ní ìparí, síbẹ̀ ẹyọ ni: "The news is good."

2. Ẹ wo ìparí ọ̀rọ̀ náà

Èyí tó pọ̀ jù ń gba "s" lásán: pen, pens. Àwọn tó parí pẹ̀lú s, x, ch tàbí sh ń gba "es", kí ahọ́n lè rí wọn pè: buses, boxes, watches, brushes. (Stomach, tí "ch" rẹ̀ ń dún bíi "k", ń di stomachs.)

Tó bá jẹ́ "y" ló kẹ́yìn, lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ó bá jẹ́ kọ́ńsónáǹtì, "y" á di "ies": city, cities. Bí ó bá jẹ́ fáwẹ̀lì, "s" nìkan ti tó: key, keys.

Àwọn tó parí pẹ̀lú "f", "fe" tàbí "o" kò ní òfin tó ṣeé gbára lé. Knife di knives, roof di roofs. Potato di potatoes, photo di photos. Ẹ há wọn sórí bí ẹ bá ṣe ń pàdé wọn.

3. Àwọn tí kò gbọ́ràn

Man, men, foot, feet, tooth, teeth, mouse, mice, child, children. Wọ́n ti pọ̀ tán, ẹ má tún fi "s" kún wọn. Woman àti women máa ń tan ni jẹ: lẹ́tà kẹrin lojú rí pé ó yí padà, àmọ́ fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ ni ẹ ó gbọ́ pé ó yàtọ̀, wúmàn àti wímìn. Sheep àti aircraft kì í yí padà rárá.

4. Ẹ tọpa "s"

Ibí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Lára ọ̀rọ̀-orúkọ, "s" ń sọ pé wọ́n pọ̀, lára ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ń sọ pé ẹyọ kan ni: "The boy runs", "The boys run." Tí ẹ bá rí "s" lára àwọn méjèèjì, tàbí tí ẹ kò rí i lára ìkankan, ẹ dúró kí ẹ tún un wò. Ó lè má jẹ́ àṣìṣe, bíi "The children run", ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ everyone àti each pẹ̀lú. Ìtumọ̀ wọn pọ̀ lọ́kàn wa, àmọ́ ẹyọ ni wọ́n: "Everyone is here."

5. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ

I ń di we, me ń di us, my ń di our, this ń di these, that ń di those. He, she àti it, they ni gbogbo wọn ń dà. You kò yí padà, ìwọ ni, ẹ̀yin náà ni, "are" ló sì ń tẹ̀ lé e nígbà gbogbo. Yourself àti yourselves ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Ọ̀wọ̀ ló ń kó ọmọ Yorùbá sí gbèsè níbí. Bàbá wa, "wọ́n" ni à ń pè wọ́n, ó sì dùn mọ́ ẹnu láti kọ "My father said they are coming." Ẹni tó bá kà á yóò máa wá àwọn ẹlòmíràn tó ń bọ̀. "He is coming" ni. Kò sí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń lo they fún ẹyọ ènìyàn kan lóòótọ́, pàápàá nígbà tí a kò bá mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin: "Someone left their bag." Kò ní í ṣe pẹ̀lú ọjọ́ orí onítọ̀hún.

Láti dán ara yín wò, ẹ sọ gbólóhùn yìí di ọ̀pọ̀: "This child has lost his tooth." Yóò di "These children have lost their teeth." Lost nìkan ni kò mira. Ẹ wá bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì dá èkejì padà sí ẹyọ. Their ni yóò dá yín dúró, torí ẹ ó ní láti yan his tàbí her fúnra yín.