Bí mo ṣe dán ewúro wò lára eku tó ní àtọ̀gbẹ

Kò sí alátọ̀gbẹ tí wọn kì í sọ fún pé kó máa mu omi ewúro. Èyí ni mo gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì.

Abẹ́ òjìji ni mo sá ewé náà sí, kí oòrùn má baà ba èròjà inú rẹ̀ jẹ́. Mo lọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sómi, mo sẹ́ ẹ, mo sì jẹ́ kí omi rẹ̀ fà gbẹ títí ó fi ku ìyẹ̀fun.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlò ẹranko fọwọ́ sí i, mo gún alloxan fún àwọn eku Wistar, irú eku funfun tí wọ́n ń sìn fún ìwádìí, níkùn, mílígíráàmù 150 fún kílò kan. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin, èròjà tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ni oògùn yìí ń pa, kí eku lè ní àtọ̀gbẹ. Ibi tó le nìyí o: bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń kú, insulin inú wọn á tú jáde, ṣúgà á já wálẹ̀ lójijì, eku sì lè kú mọ́jú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé omi glúkóòsì fún wọn ní òru yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, mo gba ẹ̀jẹ̀ ní ìrù wọn. Àwọn tí ṣúgà wọn ju mílígíráàmù 200 lọ nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan nìkan ni mo mú.

Mo ṣẹ́ kèké pín wọn. Àwọn kan ń gba omi lásán, àwọn kan glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tí dókítà ń fúnni, àwọn yòókù ewúro, 200 tàbí 400 mílígíráàmù fún kílò kan. Lójú tèmi, àwọn olómi lásán ló ṣe pàtàkì jù. Ara eku tí alloxan bà jẹ́ lè bọ̀ sípò fúnra rẹ̀; bí kò bá sí wọn, ewúro ni à bá máa yìn.

Ṣúgà àwọn tó gba ewúro wálẹ̀ ju ti àwọn olómi lásán lọ, àmọ́ kò wálẹ̀ tó ti glibenclamide. Inú mi dùn gan-an. Màmá mi, tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra, wá bi mí pé ife mélòó ni kí àwọn máa mu. Mo jókòó ṣírò rẹ̀. A máa ń fi 6.2 pín òṣùwọ̀n eku kó tó di ti ènìyàn, mílígíráàmù 200 fún kílò kan á di nǹkan bí 32. Fún ẹni tó wọn 60 kílò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù méjì ìyẹ̀fun, kì í ṣe ewé tútù. Ìyẹn gan-an kì í ṣe òṣùwọ̀n oògùn, àfojúsùn tí olùṣèwádìí lè fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lára ènìyàn lásán ni.

Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n má ṣe dá oògùn dókítà dúró, kí wọ́n sì sọ fún wọn nílé ìwòsàn pé àwọn ń mu ewúro, torí méjèèjì lè jọ fa ṣúgà wálẹ̀ kọjá ààlà.