Unimog ológun tó ń kú lójú ọ̀nà, àti bí mo ṣe tún un ṣe

Orí lọ́rì ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ìbàdàn, nítorí kò lè rin kìlómítà mẹ́ta kó má kú. Unimog U1300L ni, ọkọ̀ ẹrù tí Mercedes ṣe, irú èyí tí àwọn ológun Jámánì lò láti ìparí àwọn ọdún 1970, tí wọ́n sì ń tà fún aráàlú bí wọ́n bá ti lò ó tán. Alhaji kan tó ń dáko lápá Ìṣẹ́yìn ló rà á ní tòkúńbọ̀. Ó fẹ́ máa fi kó àgbàdo àti gbágùúdá jáde lóko lásìkò òjò, nígbà tí ọkọ̀ mìíràn ò ní lè débẹ̀. Ó mọ ohun tó rà. Taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, jíà kékeré sì wà nínú họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan tó gbé ikùn ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ débi pé òkúta tó máa fọ́ abẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì ò ní kan tiẹ̀. Àwọ̀ ológun nìkan ni mo ní kó kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí kó tó gbé e jáde sójú títì. Búlúù ló kùn ún.

Ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe ti sọ fún un pé pọ́ọ̀ǹpù ńlá tó ń ti epo sí ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́, kó lọ ra òmíràn. Alhaji wò mí lójú, ó ní, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa kí n tó náwó yẹn." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ sà, mi ò ní ní kẹ́ ẹ ra ohun tí mi ò tíì dán wò."

Nígbà tí mo rí ẹ́ńjìnnì, ọkàn tèmi náà balẹ̀. OM 352 ni: sílíńdà mẹ́fà, lítà 5.7, agbára ẹṣin 130, kò ní tọ́bò tó máa ń ti afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kan lọ́rì Mercedes 911 tàbí 1113 rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Orí ẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ ní Ìwó Road. Ọkọ̀ lè ti òkè òkun dé pẹ̀lú aṣọ ológun lọ́rùn, àmọ́ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bẹ ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Láàárọ̀, a máa yí sítátà títí, èéfín funfun á jáde, lẹ́yìn náà á gbaná. Á dún dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á máa mí gúlegúle, á sì kú. Bí a bá fi ọwọ́ tẹ pọ́ọ̀ǹpù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ọ̀ǹpù ńlá, á tún jí. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú epo. Pọ́ọ̀ǹpù ńlá gbọ́dọ̀ fi agbára tó tó 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtì) ti dísù kí nọ́sù, ẹnu tó ń fín epo sínú sílíńdà, tó lè ṣí. Epo kì í fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ló máa ń fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dà pọ̀ mọ́ ọn, òun ni yóò gba gbogbo agbára náà mọ́ra, nọ́sù ò sì ní ṣí.

Mo gba kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá, mo rọ dísù mímọ́ kún un, mo gbé e sórí ilé ọkọ̀, mo wá ti họ́ọ̀sì kan tó mọ́ gaara láti inú rẹ̀ wá sẹ́nu pọ́ọ̀ǹpù kékeré. Mi ò lo táǹkì ọkọ̀ rárá. Ẹ́ńjìnnì gbaná, ó sì ń dún lọ. Wákàtí kan kọjá, ohùn rẹ̀ ò já. Mo tún kún kẹ́ẹ̀gì náà, a jẹun, ó ṣì ń dún. Pọ́ọ̀ǹpù tí wọ́n ní kí Alhaji lọ rà kò jẹ̀bi kankan. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Àárín táǹkì sí pọ́ọ̀ǹpù kékeré ló kù láti wò. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó wá gbọ́ eléyìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ní apá ibẹ̀, fífà ni wọ́n ń fa epo, wọn kì í tì í. Bí họ́ọ̀sì bá lu, epo ò ní kán sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé. Ẹni tó bá ń wá ibi tí ilẹ̀ ti tutù, títí ilẹ̀ á fi ṣú ni yóò máa wá a. Ó ní, "Ọ̀gá, báwo la ṣe máa wá rí i?" Mo ní kó fọwọ́ wá a.

Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi òwú dúdú hun lára ló wà níbẹ̀, láti Jámánì ló ti bá ọkọ̀ náà wá. Lójú, kò sí nǹkan tó ṣe é. Àmọ́ nígbà tí ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ kílíìpù tó sún mọ́ táǹkì, òwú ṣí díẹ̀, a sì rí rọ́bà inú rẹ̀. Ó ti sán bí gìgísẹ̀ arúgbó nígbà ọyẹ́. Mo gé gbogbo rẹ̀ dànù, mo fi tuntun rọ́pò, títí kan èyí tó ń dá epo padà sí táǹkì.

Mo bọ́ táǹkì sílẹ̀ pẹ̀lú, inú mi sì dùn pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan dúdú tó ń yọ̀ bí ilá ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá dúró pẹ́ láìrìn, omi máa ń sùn sábẹ́ dísù, àwọn kòkòrò tójú ò lè rí á sì máa gbé ibi tí omi àti epo ti pàdé. Ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ló ń dí fílítà. A da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi gbígbóná tó ní ọṣẹ sínú rẹ̀, a mì í títí apá fi ro wá. A fi sóòrùn fọ́jọ́ méjì, a wá fi dísù díẹ̀ ṣan án. Fílítà méjèèjì, tuntun ni mo fi sí i.

Mo rò pé ó ti parí. Mo dè é pa dà, mo ṣíná, mo wo họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara tí mo ṣì fi sílẹ̀ láàárín: ìhó afẹ́fẹ́ kéékèèké ṣì ń sáré kọjá níkọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo fà á. Mo ti lo wásà bàbà àtijọ́ sábẹ́ àwọn bóòtù ọ̀nà epo, wásà bàbà tí wọ́n bá sì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti le, kò lè di ibi tó tẹ̀ sí mọ́. Mo tú wọn, mo fi wáyà so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí iná títí wọ́n fi pọ́n, mo jù wọ́n sómi. Bàbà tó bá ti jóná báyìí máa ń rọ̀ pa dà. Mo fi sáńdípépà wẹ́wẹ́ fá ojú wọn kó tẹ́jú, mo dè wọ́n. Ìhó dópin.

Láti lé afẹ́fẹ́ tó kù jáde, orí fílítà la ti bẹ̀rẹ̀. A tú ìdè kékeré orí rẹ̀, a ń tẹ pọ́ọ̀ǹpù kékeré títí dísù tí kò hó fi jáde, a dè é. A ṣe bákan náà fún pọ́ọ̀ǹpù ńlá. Lẹ́yìn náà ni mo tú nọ́ọ̀tì páìpù tó wọ nọ́sù díẹ̀, tí ọmọ iṣẹ́ mi ń yí sítátà.

Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ti wà níwájú mi, mo ṣe tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn àlàfo orí fáàfù, pẹ̀lú. Nígbà tó bá tutù ni: 0.20 mílímítà fún fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.30 fún ti èéfín. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n máa ro nọ́ńbà sílíńdà méjì pọ̀ kó dé méje. Bí mo bá fẹ́ ṣe sílíńdà kìíní, mo máa yí ẹ́ńjìnnì títí fáàfù méjèèjì sílíńdà kẹfà á fi máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. 2 pẹ̀lú 5, 3 pẹ̀lú 4. Kò kùnà rí. Àwọn nọ́sù ni mo kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdánwò. Mẹ́rin ń fín dáadáa, méjì ń kán. A pààrọ̀ ẹnu àwọn méjèèjì.

Ní ti iná, onírẹ́wáyà ti fẹ́ máa tú wáyà nítorí iná iwájú ò tàn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ọkọ̀ ológun ní iná òkùnkùn, tí wọ́n fi ń rìn lóru kí ọ̀tá má bàa rí wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ìyípo iná sí. A yí i pa dà, iná tàn. Mo rọ̀ ọ́ pé kó rántí pé 24 volt ni iná rẹ̀, bátìrì méjì ló so pọ̀, kó má fi gílóòbù ọkọ̀ kékeré sí i.

Alhaji wakọ̀ náà lọ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ló pè mí: òun ti dé Ìṣẹ́yìn, òun pa á lọ́jà, òun tún ṣíná, ẹ̀ẹ̀kan ló gbà. Ó ń dúpẹ́. Mo ní kó má gbàgbé pé óìlì ṣì ń yọ díẹ̀ ní họ́ọ̀bù iwájú lọ́wọ́ òsì, kó máa wo ìwọ̀n rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí síìlì tí mo rán wọn yóò fi dé láti Ládípọ̀.